Dókítà Àgbà Jókòó Síta

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsinmi, ẹ kú ìdúró lórí ẹsẹ̀ láti àárọ̀. Mo kí bàbá mi náà, káfíńtà tí kì í jẹ́ kí àwọn aládùúgbò sùn. Ara wa le níbí lókè òkun. Eyín iwájú ọmọọmọ yín ti ká, ó sì ń fi ihò tó ṣẹ́ kù súfèé fún gbogbo ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì. Ọkọ mi ní ẹ̀yin lẹ máa wá bá òun rán ihò náà pa.

Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí mo bá pè, ẹ ó ní, “Ṣé nǹkan ń ṣe ọ́?” Bí mo bá ní rárá, ẹ ó ní, “Ó dáa, mò ń wọ tíátà iṣẹ́ abẹ,” ẹ ó sì gé e mọ́ mi lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Wọ́n ní ẹ ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyá mi! Ẹ̀yin! Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé ọjọ́ tí ẹ bá máa kúrò ní ọsibítù yẹn, orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni wọ́n máa fi tì yín jáde, ẹ ó sì máa bá ẹni tó ń tì í wí lójú ọ̀nà pé kò mọ̀ ọ́n tì? Ẹnu ará ìta ni mo ti gbọ́. Gbogbo ayé mọ̀ pé dókítà àgbà ń lọ, ọmọ tí dókítà àgbà bí ló gbọ́ kẹ́yìn. Ó dùn mí díẹ̀, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí pé bí ẹ ṣe ń ṣe nìyẹn.

Bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ má jókòó sílé kí ẹ máa ka ògiri. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Yàrá kan wà tí oòrùn máa ń wọ̀ láàárọ̀, mo ti kó ẹrù ọmọ kúrò níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ẹ máa là nínú níbí, àmọ́ ẹ lè máa bá wa gé àlùbọ́sà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé yìí sábẹ́ fáìlì aláìsàn. Ẹ dá mi lóhùn.

Èmi ọmọ yín,
Nọ́ọ̀sì


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejì

Ọmọ mi, Nọ́ọ̀sì mi,

Ìwé rẹ dé, ó sì bá wa nínú àlàáfíà. Bàbá rẹ ló gbà á. Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti kà á fún gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, títí kan ẹni tó kàn wá béèrè ọ̀nà.

Òótọ́ ni. Mo ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìparí oṣù kẹrin ni mo máa kúrò. Má pariwo. O mọ̀ pé wọ́n ti da ọsibítù mẹ́ta pọ̀ sábẹ́ olú iléeṣẹ́ kan ṣoṣo. Látìgbà náà, ìwé tí mò ń fọwọ́ sí ti pọ̀ ju èèyàn tí mò ń tọ́jú lọ. Ẹnì kan kọ̀wé láti olú iléeṣẹ́ lọ́jọ́sí pé kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi lo òwú tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo dá a lóhùn pé ẹ̀jẹ̀ ló fà á. Kò tíì kọ̀wé padà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, orúnkún ń dùn mí. Mo rò pé ìdí méjèèjì tó fún ẹni tó bá fẹ́ béèrè.

Nípa wíwá sọ́dọ̀ rẹ, màá rò ó. Ilé yín tútù. Nígbà tí mo wá kẹ́yìn, ẹ̀wù mẹ́ta ni mo wọ̀ sùn, ọkọ rẹ sì ń rìn kiri pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé bí ẹni tó fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín.

Ìbéèrè kan ló kù. Kí ìwé mi tó dé olú iléeṣẹ́, ẹnì kan péré ni mo sọ fún ní gbogbo ọsibítù: Ọ̀gá Kékeré, ìgbákejì mi, èyí tó máa ń kọrin lábẹ́ ìbòmú bó bá ń rán awọ. O mọ̀ ọ́n dáadáa. Kí ló da òun àti ìwọ pọ̀ tí ọ̀rọ̀ fi ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ? Mo kàn ń béèrè ni.

Ìyá rẹ

Èmi bàbá rẹ nìyí. Mo yọ́ kọ èyí sísàlẹ̀ kó tó lẹ àpòòwé pa. Orúnkún kankan ò dùn ún. Àná ló gun orí àga lọ tún iná ṣe, ó ní èmi ń fẹsẹ̀ falẹ̀. Nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tí kò fẹ́ sọ. Má jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo sọ fún ọ o, mo ṣì fẹ́ máa gbé inú ilé yìí.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́, nítorí n kò mọ ìgbà tí ẹ máa ráyè kà á. Mo dúpẹ́ pé òwú kò tíì sọ yín di ọ̀daràn.

Kò sí nǹkan kan láàárín èmi àti Ọ̀gá Kékeré. A kàn máa ń kí ara wa. Ó bi mí bí ojú ọjọ́ ṣe rí níbí, mo sọ fún un. Ó bi mí bóyá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé dára, mo sọ ìyẹn náà. Ṣé ìkíni ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ yín. Mo ti ra aṣọ ìbora kan tó nípọn débi pé ọkọ mi ò lè dá ká a. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀. Ẹ sì jẹ́ kí n mọ bí orúnkún ṣe ń ṣe yín. Mo gbọ́ pé ó le gan-an, débi pé ẹ ń fi gun àga tún iná ṣe. Ẹ má bi mí pé ta ló sọ.

Ọmọ yín,
Nọ́ọ̀sì


Ogúnjọ́, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ọmọ tó ń súfèé. Ìkíni tán síbẹ̀ lónìí.

Ojú ọjọ́! Ojú ọjọ́ ni ẹ̀yin méjèèjì ń sọ! Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọ̀gá Kékeré wá bá mi níbi tí a ti ń fọwọ́ ká tó wọ tíátà. Ó ní, “Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ.” Mo ní, “Máa fọwọ́ rẹ, kí o máa sọ ọ́.” Ó fọwọ́, ó fọwọ́, mo rò pé awọ rẹ̀ máa bó. Ó wá ní òun ti ń kọ̀wé sí ọsibítù kan lókè òkun, wọ́n sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba òun. Ó ní ìwọ ni o fún òun ní àdírẹ́sì, ìwọ ni o bá òun tún ìwé tí òun kọ ṣe, ìwọ náà ni o lọ bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀. Ọsibítù tìrẹ, Nọ́ọ̀sì! Tíátà tìrẹ!

Ṣé o mọ ohun tí o ṣe? Mò ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àga kí ẹnì kan lè ráyè jókòó, ìwọ dúró sókè òkun, ò ń fa ẹni náà lẹ́sẹ̀.

Mo ti rí i nínú ìwé rẹ pé bàbá rẹ tú àṣírí orúnkún mi. Ọ̀dàlẹ̀ ni ẹ̀yin méjèèjì. Ó dáa, gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀.

Ní ìparí ọdún tó kọjá, wọ́n gbé awakọ̀ akẹ́rù kan wá. Ọkọ̀ rẹ̀ ti dojú dé, ikùn rẹ̀ sì ti kún fún ẹ̀jẹ̀. Èmi àti Ọ̀gá Kékeré la jọ wọlé. Mo là á, ẹ̀jẹ̀ bò wá lọ́wọ́. Mo wá ibi tó ti ń ya títí, n kò rí i. Mo ti ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn kí o tó mọ̀ ọ́n rìn, síbẹ̀ n kò rí i. Ọ̀gá Kékeré tẹ̀ síwájú. Ó rọra sún ọwọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tó fẹ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ó ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ ẹ̀yìn ẹ̀dọ̀, ó sì di ibẹ̀ mú. Ẹ̀jẹ̀ dá. Ó wá gbójú sókè wò mí, ó ní, “Ẹ má bínú, mà.” Ó gba ẹ̀mí èèyàn là tán, ó ń bẹ̀ mí nítorí pé ó sún ọwọ́ mi!

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀. Ọwọ́ mi kò bàjẹ́ o, má lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ ti kọjá tèmi. Àga dókítà àgbà kan ṣoṣo ló wà, èmi ni mo sì wà lórí rẹ̀. Bí n kò bá dìde, ó máa lọ. Bó bá sì lọ, kò sí oníṣẹ́ abẹ mìíràn nítòsí. Ẹni tí ikùn rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀ kò lè fara da ìrìn àjò dé ọsibítù kejì.

Fi í sílẹ̀ fún mi, jọ̀ọ́. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń kọrin ní tíátà ló wù ọ́, lọ ra rédíò.

Ìyá rẹ

Nọ́ọ̀sì, mo ní kí o má sọ! Ṣọ́ọ̀bù ni mò ń sùn sí báyìí. Irọ́ ni, àmọ́ ó kù díẹ̀. Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mo kí ọ púpọ̀. Ìwé mi ti lọ tipẹ́, n kò rí èsì. Ṣé ìwé ló sọnù lọ́nà ni, àbí ìwọ ni o sọnù? Bàbá rẹ ní mo kọ ọ́ bí ẹni tó ń bá nọ́ọ̀sì tíátà wí nítorí abẹ tí kò mú. Mo ní ọmọ mi mọ ohùn mi. Ó ní, “Ìyẹn gan-an ni mò ń sọ.”

Bí o bá ń bínú, kọ ìbínú náà ránṣẹ́. Ara mi gba ìbínú ju ìdákẹ́ lọ.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìfojúsọ́nà. Ìwé yín méjèèjì dé. N kò sọnù. Mo kọ́kọ́ bínú, lẹ́yìn náà ojú tì mí pé mo bínú, lẹ́yìn náà iṣẹ́ wọ̀ ọ́.

Ẹ ní kí n kọ ìbínú mi ránṣẹ́. Òun nìyí. Èmi kọ́ ni mo wá Ọ̀gá Kékeré kàn. Òun ló wá mi. Nínú ìwé àkọ́kọ́ tó kọ sí mi, kò béèrè ohunkóhun nípa iṣẹ́. Ó ní ọmọ òun tó kéré jù ti sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. “Bàbá” ló sọ, ẹni tó wá tún ẹ̀rọ omi wọn ṣe ló sì sọ ọ́ sí. Ó kọ ọ́ bí àwàdà. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì dìde lọ fọ abọ́ tí kò dọ̀tí.

Ìyá mi, mo mọ ilé yẹn. Inú rẹ̀ ni mo dàgbà sí. Ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì, sálúbàtà tíátà lẹ wọ̀ wá, ẹ sì sùn lọ kí wọ́n tó dé orí mi. Bàbá fi ìgbọ̀nwọ́ gún yín, ẹ fò dìde, ẹ pàtẹ́wọ́ tagbáratagbára fún ọmọ ẹlòmíràn. Èmi àti bàbá máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ará ibí náà, wọ́n á di ikùn mú. Àmọ́ nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi yẹn, mo rí i pé ọsibítù tún ti fẹ́ jẹ ilé kan. Mo ní, ó kéré tán, mo lè yọ ọ̀kan lẹ́nu rẹ̀. N kò ronú kan awakọ̀ akẹ́rù. Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í, mo gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́? Àbí ẹ kàn dìde lórí àga, ẹ ní, “Jókòó”? Mo mọ̀ yín.

Ẹ kí bàbá mi. Ẹ ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn fi ṣe amí, mo ti fẹ̀yìn tì.

Ọmọ yín,
Nọ́ọ̀sì


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi tó mọ̀ mí,

Mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀kan, mo fi sílẹ̀, mo yí ilé po, mo tún kà á. N kò mọ̀ rárá pé ọmọ ẹlòmíràn ni mo pàtẹ́wọ́ fún lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, bàbá rẹ kò sọ fún mi. Mo bi í. Ó ní kí n má dààmú, inú ọmọ náà dùn.

Mo bi Ọ̀gá Kékeré léèrè bí o ṣe ní. Mo ní, “Kí ni ìwọ fẹ́?” Ó wò mí bí ẹni tí mo sọ èdè mìíràn sí. Ó ní òun máa rò ó. Ó ṣì ń rò ó.

Èmi ti kúrò. Wọ́n dágbére fún mi ní gbọ̀ngán ìjẹun ọsibítù. Ọ̀gá kan wá láti olú iléeṣẹ́ wá ka ọ̀rọ̀ ìyìn. Ó ní ojú àwọn tí mo là kò lóǹkà, ó ní ọ̀pọ̀ afọ́jú ló ń kàwé lónìí nítorí mi. Ọ̀rọ̀ ìyìn dókítà ojú ní ọsibítù kejì ló gbé wá! Nọ́ọ̀sì àgbà fọwọ́ bo ẹnu, Ọ̀gá Kékeré bẹ̀rẹ̀ ikọ́ tí kò tán. Mo dìde, mo dúpẹ́, mo ní inú mi dùn pé gbogbo wọn ń ríran.

Títí dé ibẹ̀, ẹ̀rín ni mò ń rín. Mo lọ kó ẹrù mi ní tíátà, mo bọ́ sálúbàtà sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo wọ bàtà mi. Ìgbà náà ni mo rántí gíláàsì ojú mi, mo yíjú kí n padà wọlé. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, tí èmi fúnra mi kọ́ níṣẹ́, na ọwọ́ dí mi lọ́nà. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ ò wọ aṣọ tíátà.” Ó bá mi mú un wá. Ohun tí mo kọ́ ọ gẹ́lẹ́ ló ṣe. Mo fẹ́ yìn ín, gíláàsì ni mo wá ń nù.

Má jẹ́ ká sọ ìyẹn mọ́. Mo ti ń bá bàbá rẹ tún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tò. Ibẹ̀ rí wúruwùru.

Ìyá rẹ

Nọ́ọ̀sì, gbà mí. Ìyá rẹ ti se gbogbo irin tí mo fi ń gbẹ́ pákó nínú omi gbígbóná, èèkù igi wọn ti ń bó. Ó tò wọ́n sórí aṣọ funfun. Bí mo bá na ọwọ́, ó ní kí n dárúkọ ohun tí mo fẹ́, òun á fi lé mi lọ́wọ́. Oníbàárà kan wá wọn tábìlì lánàá, ìyá rẹ bi í bóyá ó ti jẹun láti àárọ̀, bí ẹni tó fẹ́ là á nínú. Ọkùnrin náà kò tíì padà wá. Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹfà

Ìyá mi, bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ sì kú àtúntò ṣọ́ọ̀bù. Mo rẹ́rìn-ín débi pé àwọn ará tíátà wa ní dandan kí n túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Nígbà tí mo dé orí oníbàárà, dókítà wa kan ní òun fẹ́ kí ẹ máa bọ̀ wá bá wa ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rín dúró díẹ̀. Ìwé Ọ̀gá Kékeré ti jáde. Wọ́n ti gbà á. Ọ̀gá mi ń bi mí lójoojúmọ́ pé ìgbà wo ló máa dé, wọ́n ti lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tó máa kó aṣọ sí. Mo kọ̀wé sí i pé ohun tó bá pinnu, kó má ṣe é nítorí mi, kó má sì ṣe é nítorí yín. Kò dáhùn. N kò ní dá sí i mọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ dúró tì í níbi tó ti ń fọwọ́.

Ọmọ yín,
Nọ́ọ̀sì


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹfà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kí àyà rẹ má bàa já: bàbá rẹ wà láàyè. Ó ti jẹun, ó sì ti bú bẹ́ẹ̀dì ọsibítù pé ẹni tó ṣe é kò mọ igi yàtọ̀ sí páálí. Jókòó wàyí, kí n ròyìn.

Ó fẹ́ dá gbé kọ́bọ́ọ̀dù kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn tán. Mo gbọ́ ariwo láti inú ilé. Nígbà tí mo máa dé ṣọ́ọ̀bù, ó ti ká jọ sórí ìyẹ̀fun pákó, ó ń làágùn. Mo ṣí aṣọ rẹ̀, mo rí kókó kan lẹ́bàá itan, ó le bí òkúta. Ìfun rẹ̀ ti gba ihò kan nínú ẹran ikùn yọ sábẹ́ awọ, ó sì ti há síbẹ̀. Mo ní, “Ìgbà wo lèyí bẹ̀rẹ̀?” Ó ní, “Ó ti pẹ́ díẹ̀.” Ó pẹ́ díẹ̀! Ọkọ oníṣẹ́ abẹ! Inú ilé kan náà la jọ ń gbé, ó sì ń fọwọ́ tì í wọlé láràárọ̀ bí ẹni tó ń ti dúrọ́ọ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, “Ó máa ń rẹ̀ ọ́ tí o bá dé.”

Mo fi aṣọ bò ó, mo ké pe àwọn aládùúgbò.

A gbé e dé ọsibítù. Ọ̀gá Kékeré wà níbẹ̀, ó ti kó ìwé orí tábìlì rẹ̀ sínú páálí. Mo rí páálí náà, mo kọjá lára rẹ̀. Ó yẹ bàbá rẹ wò, ó ní kí wọ́n gbé e wọlé kíákíá. Èmi ti ń ká apá aṣọ mi sókè. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tíátà.

“Ọ̀gá, ẹ ò lè wọlé.”

“Ìwọ lo ń dá mi dúró?”

“Èmi ni, mà.”

“Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ yìí?”

“Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé mọ̀lẹ́bí aláìsàn kì í wọ tíátà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó síta.”

Mo pariwo mọ́ ọn. N kò ní kọ ohun tí mo sọ síbí. Ó dúró títí mo fi sọ ọ́ tán, ó ní, “Ẹ ṣé, mà,” ó wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Bẹ́ǹṣì kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Mo ti ń kọjá lára rẹ̀ látìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, n kò jókòó síbẹ̀ rí. Ó le. Ó sì kúrú débi pé ẹni mẹ́ta ni yóò fún ara wọn pa. Wọ́n gbé aago kọ́ sí ọ̀kánkán rẹ̀ gan-an, n kò mọ ọ̀tá tó ṣe ìyẹn. Aránṣọ kan ti wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣì wà láyà aṣọ. Wọ́n ń to egungun ẹsẹ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ nínú yàrá kejì. Ó sún fún mi.

Ó ní, “Ta ni tiyín?”

Mo ní, “Ọkọ mi.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀. Dókítà obìnrin àgbà kan wà nínú níbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ gan-an. Ó roro o. Kì í kí èèyàn. Bó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé iná ń jó ilé rẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dára.”

Mo ní, “Mo ti gbọ́ nípa rẹ̀.”

“Òun ló ṣe iṣẹ́ abẹ fún àbúrò mi. Ó jáde, ó sọ nǹkan kan, ó kọjá lọ. Àwa jókòó síbí, à ń bi ara wa léèrè bóyá àbúrò mi ti kú.”

“Ṣé ó kú ni?”

“Rárá o! Ó wà nílé. Ó ti sanra.”

Mo la ẹnu láti sọ ẹni tí mo jẹ́. Ìgbà náà gan-an ni agbálẹ̀ kan kọjá, ó ní, “Ẹ káàsán o, Dókítà Àgbà!” Aránṣọ wo agbálẹ̀, ó wo èmi. Ó ní, “Ẹ̀yin ni?” Mo ní, “Èmi ni.” Ó ní, “Ta ló wá wà nínú?” Mo ní, “Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ.” Ó di ọwọ́ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́.

Ọmọ mi, mo mọ gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe nínú yàrá yẹn. Ìmọ̀ náà kò ràn mí lọ́wọ́. Gbogbo ohun tó lè bàjẹ́ ni mò ń rí. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Ọ̀gá Kékeré jáde, ó bọ́ ìbòmú, ó sì jókòó tì mí. Ó jókòó, o gbọ́? Èmi kò jókòó ti ẹnikẹ́ni rí. Ó ń ṣàlàyé ìfun, ó ń ṣàlàyé ibi tó rán, àwọn ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi fi kọ́ ọ. Kò sí ọ̀kan tó wọ̀ mí létí. Mo ní, “Ṣé ó wà láàyè?”

Ó ní, “Ó wà láàyè, mà.” Ó wò mí, ó rọra tún un sọ. “Ó wà láàyè.”

Aránṣọ ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún. Èmi ni mo ṣìkejì. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin rẹ̀ jáde lórí kẹ̀kẹ́, ó ń bi ìyá rẹ̀ pé ta ló kú.

Ó ku ọ̀rọ̀ tó kàn ọ́. Lọ́jọ́ tí à ń mú bàbá rẹ lọ sílé, Ọ̀gá Kékeré wá bá wa. Ó ní òun ti rí èsì sí ìbéèrè mi. Ó ti lọ sí olú iléeṣẹ́. Ó ní òun á jókòó sórí àga dókítà àgbà bí wọ́n bá gba oníṣẹ́ abẹ mìíràn kún òun, tí wọ́n sì jẹ́ kí òun máa dé ilé kí àwọn ọmọ òun tó sùn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ òfuurufú ń dúró de òun. Wọ́n gbà.

Mo ní, “Wọ́n gbà?”

Ó ní, “Wọ́n gbà, mà. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó béèrè rí ni.”

Mo wo bàbá rẹ. Bàbá rẹ ń wo òrùlé.

Nítorí náà, bá mi bẹ ọ̀gá rẹ, kó yọ orúkọ yẹn kúrò lára kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀gá Kékeré ní kí n máa yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti kọ́ àwọn tuntun. Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀. Bí ara bàbá rẹ bá ti gba ìrìn àjò, àwa méjèèjì ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Má torí wa fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí ọkọ̀ wa bá dé tí o ṣì wà ní tíátà, má sáré, má ju ìbọ̀wọ́ sílẹ̀. Parí ohun tí ò ń ṣe. Màá wá bẹ́ǹṣì kan jókòó sí, màá dúró dè ọ́. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ìyá rẹ